Lẹ́tà Tó Pẹ́ Ní Ọjọ́ Kan

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá Thirza Holroyd tẹ̀wé
nínú ilé tóóró kan létí òkun ní Filey,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ju iyọ̀ mọ́ fèrèsé
bí ọmọ aláìgbọràn.
Òun a fọwọ́ kọ ọ́, pẹ́ńsùlù rẹ̀ kò gùn ju ìka ọmọdé;
èmi a tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ ògbólógbòó
tí bọ́tìnì "e" rẹ̀ máa ń há.

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló pa.
Mo kà wọ́n.
Ó fún bíṣọ́ọ̀bù kan ní májèlé jẹ nínú kéèkì,
ó ti olówó kan sínú kànga,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ sílíìkì fún agbẹjọ́rò lọ́rùn pa.
Ṣùgbọ́n bí eku bá yọjú ní ilé ìdáná,
á fi ife bò ó, á rọra gbé e dé ìdí ọgbà,
á ní, "Máa lọ, má jẹ̀ẹ́ kí ológbò Ìyáàfin Stott rí ọ."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ ni Obadiah Pask,
aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tiro díẹ̀,
tí kì í wojú ẹni; bọ́tìnì ẹ̀wù ẹni ló ń wò.
"Ojú a máa purọ́," ni Pask máa ń wí,
"òwú kò mọ irọ́ọ́ pa."
Opó kan ní Hull kọ̀wé béèrè bóyá Pask ti gbéyàwó.
Àwọn lámèyítọ́ London ní iṣẹ́ náà kò jinlẹ̀,
pé bí ẹni ń tú okùn bàtà ni.
Thirza fi ìwé ìròyìn wọn di eegun ẹja, ó jù ú nù.

Ìwé kẹrìnlá ni mo ń tẹ̀ tí ara fi fu mí.
Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó pẹ́ ní ọjọ́ kan.
Mo padà sí ìkẹtàlá: lẹ́tà kan, ọjọ́ kan.
Ìkẹsàn-án. Ìkẹrin. Àkọ́kọ́ pàápàá.
Pask tó ń rí fọ́nrán òwú léjìká apànìyàn
kò béèrè rí pé ta ló dá lẹ́tà dúró.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju eéje lọ.

N kò bi í. Mo ti kọ́ sùúrù lọ́wọ́ Pask.
Lóru òjò kan nínú oṣù Kọkànlá,
tíì ti tutù, èédú ti ń di eérú,
ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye owó mílíìkì:

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà ogun àkọ́kọ́.
Àwọn ọkùnrin ti lọ; èmi ni mo ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà.
Àpòòwé àwọn ológun kan wà nínú àpò mi.
Dinsdale.
Gbogbo wa la mọ ohun tí irú rẹ̀ ń gbé wá.
Mo bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá ìbọ̀sẹ̀ tó hun de Wilf.
Ó ní, 'Thirza, oòrùn yìí mà dára o!'
Mo ní, 'Ó dára, mà.'
Mo yí kẹ̀kẹ́ padà.
Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni ọmọ rẹ̀ sùn mọ́jú."

Òkun ń kùn níta.
"Ọjọ́ kan ni mo fi ta á lọ́rẹ. Àbí mo jí i ni?
Ìwé mẹ́tàlélógún rèé, n kò tíì mọ̀."

A sin ín ní oṣù Kẹta.
Nínú ìwé tí kò parí, Pask ti dé ilé lẹ́tà,
ó ṣí fìlà, ó bojú wo ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà.
Ojú rẹ̀ ni ó wò o, kì í ṣe bọ́tìnì.
Ó ya ẹnu...
Ibẹ̀ ni pẹ́ńsùlù dúró.

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.
Mo dì í, mo kọ àdírẹ́sì London sí i.
Ọjọ́ Ẹtì ni. Oòrùn yọ dáadáa.
Mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí mi.